Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kí n máa ka àṣìṣe rẹ̀. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń dán àwọn tó fẹ́ gba ìwé ìwakọ̀ wò. Wọ́n ti fún mi lórúkọ kan tí wọ́n rò pé n ò mọ̀: Bàbá Kò-Yege. Mo mọ̀ ọ́n, kò sì dùn mí. Àṣìṣe kékeré, mo lè gbà tó mẹ́wàá lọ́wọ́ èèyàn. Àṣìṣe ńlá, ẹyọ kan ti tó, kó máa lọ sílé. Ẹni tó fi táyà kan bèbè títì lónìí, ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló lè gùn lọ́la. Bí wọ́n bá ń bẹ̀ mí, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé bèbè títì ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ibi tí mo dúró sí nìyẹn títí èsì ìdánwò ọmọ mi àbígbẹ̀yìn fi jáde.

Oníṣirò là ń pè é nílé. Láti kékeré ló ti ń ka àtẹ̀gùn, tó ń ka bọ́tìnnì ẹ̀wù, tó ń ka iye ìgbà tí mo sín. Afárá ló fẹ́ máa kọ́ tó bá dàgbà, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Láti di ẹni tó ń kọ́ afárá, ó gbọ́dọ̀ lọ sí yunifásítì. Kó tó dé yunifásítì, ó gbọ́dọ̀ lo ọdún méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà láàárín girama àti yunifásítì. Kó tó wọ ibẹ̀, ìwé èsì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dára. Ẹ̀ka tó fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, ìṣirò àti físíìsì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n ní gíréèdì márùn-ún ti tó nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, ṣùgbọ́n nínú ìṣirò, kò gbọ́dọ̀ dín sí méje. Mẹ́sàn-án ló ga jù.

Àárọ̀ ọjọ́ tí èsì jáde, ó gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi nídìí tíì. Mo wọ awò ojú mi. Mẹ́sàn-án méjì wà níbẹ̀, mẹ́jọ mẹ́rin wà níbẹ̀, méje kan wà níbẹ̀. Ojú mi fo gbogbo wọn kọjá, ó lọ balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

“Kí ló ṣe ìṣirò?” ni mo wí.

Ìṣirò, mẹ́fà. Máàkì méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ló fi pàdánù gíréèdì méje. Ọmọ tí à ń pè ní Oníṣirò! Ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ká ní ó tiẹ̀ gbá a, ara ì bá tù mí díẹ̀.

Agbẹ̀bí ni ìyá rẹ̀. Obìnrin tó ti sọ fún ẹgbẹ̀rún aboyún pé kí wọ́n mí sínú, kí wọ́n mí síta, kì í bẹ̀rù ọkọ. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó dúró síwájú mi.

“Bàbá ọmọ mi, ọmọ kan gba mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀mejì, ó gba mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹrin, mẹ́fà nìkan lẹ rí?”

“Mẹ́fà yẹn náà ló máa dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.”

“Èje gan-an ni mò ń wá,” ni mo fèsì. “N ò bá ẹnikẹ́ni wá èyí tó jù ú lọ.”

Ó rẹ́rìn-ín, mo bínú sí i, lẹ́yìn náà ni èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ̀wé sí ọmọ mi pé wọn kò lè gbà á sí ẹ̀ka tó fẹ́, pé bó bá wù ú, kó wá kọ́ ìtàn, jọ́gíráfì àti báyọ́lọ́jì, tàbí kó dúró di ọdún tó ń bọ̀ kó tún ìdánwò ṣe.

“Ṣé ìtàn ni wọ́n fi ń kọ́ afárá ni?” Oníṣirò bi wá níbi oúnjẹ alẹ́. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ń to hóró ìrẹsì mọ́ etí àwo ní méje-méje. Ìyàwó mi wo àwo náà, ó wò mí.

“Ẹ máa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé,” ló wí. “Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀.”

“Kí n lọ bẹ̀bẹ̀? Èmi?”

“Ẹ̀yin ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bẹ̀ yín, ó yẹ kẹ́ ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.”

Ọmọ náà gbé ojú sókè. “Bàbá mi, ẹ má lọ. Mẹ́fà kì í ṣe méje. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí ẹni gbá mi létí lọ. Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ajé, mo wọ bàtà tí mo fi ń lọ síbi ìsìnkú, mo lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni wọ́n ní ká jókòó sí, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, ó ń rùn bí ọṣẹ. Àwọn òbí bíi mẹ́jọ ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, oníkálukú gbé fáìlì lé itan bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. A ò wo ojú ara wa. Nígbà tó kàn mí, mo kan ilẹ̀kùn akọ̀wé àgbà, wọ́n ní kí n wọlé, mo wọlé.

Mo mọ obìnrin tó wà nídìí tábìlì. Mo ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹrin pé kò yege. Kò sí ohun tí kò lè ṣe pẹ̀lú mọ́tò àfi kó fi ẹ̀yìn wọ àyè tí wọ́n bá là sílẹ̀ fún un, débi pé Ìyáàfin Rífáàsì ni mò ń pè é nínú ara mi. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ọjọ́ tèmi ni mo rò pé ó pé yẹn.

“Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá,” ló wí. “Ẹ jókòó. Ẹ fa àga yín síwájú, kẹ́ ẹ rí i dájú pé ọwọ́ yín tó o dáadáa.”

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nínú mọ́tò gan-an nìyẹn, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Mo fa àga. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: ọmọ gidi ni, afárá ló fẹ́ kọ́, ó ní mẹ́sàn-án méjì. Ó ṣí fáìlì, ó fi ẹnu bíírò rẹ̀ tọ́ka síbì kan.

“Méje la kọ síbí. Mẹ́fà ló gbà.”

“Máàkì méjì péré ni, ìyáàfin.”

“Ní oṣù kẹrin, ìbú ìka méjì péré ni táyà mi fi kan bèbè títì.”

“Mo rántí.”

“Kí lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà?”

“Mo ní bèbè títì ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.”

Mo rò pé yóò lé mi jáde. Ẹ̀rín ló bú sí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu omi ojú. Kò sí oró nínú ẹ̀rín náà. Ẹ̀rín ẹni tó ti ń wá ẹni tí yóò bá rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ kan tipẹ́ ni.

“Ọ̀gá, ṣé ẹ ka ìwé òfin ìgbàwọlé wa?”

“Mo kà á.”

“Ẹ kà á dé ibo?”

“Dé ibi tí ẹ kọ méje sí.”

“Ojú ewé kìíní nìyẹn. Ẹ ṣí ìkẹrin.”

Ó na ìwé náà sí mi. Ní ojú ewé kẹrin, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà pé ẹni tí gíréèdì kan ṣoṣo bá kù fún nínú iṣẹ́ kan lè wá ṣe ìdánwò tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe lórí iṣẹ́ náà. Tó bá gba àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti wọlé. Òní, ọjọ́ Ajé, ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Ìdánwò di Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀.

“Olùkọ́ ìṣirò ló ń máàkì rẹ̀, kì í ṣe èmi,” ló wí. “Orúkọ kì í sí lórí bébà, nọ́ńbà ni. N ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, n ò sì ní ṣe é bí mo bá tiẹ̀ lè ṣe é. Ṣùgbọ́n gbogbo òbí tó jókòó síta yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n gbé wá. Ẹnìkan ò ka ìwé dópin.”

Ìtìjú bò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èmi tí mo ti lé èèyàn padà sílé nítorí pé wọn kò ka ìwé òfin ojú títì dé ẹ̀yìn! Mo forúkọ ọmọ sílẹ̀, mo dúpẹ́ títí, mo ti di ilẹ̀kùn mú kó tó pè mí padà.

“Ọ̀gá, Ọjọ́bọ̀ yẹn náà ni tèmi lọ́dọ̀ yín. Aago mẹ́sàn-án.”

Mo rí ọ̀fìn náà kedere. Bí mo bá ní ó yege, ayé á ní a fi ṣe pàṣípààrọ̀. Bí mo bá ní kò yege, aláìmoore ni mí. Mo sọ fún un pé màá fà á lé akẹgbẹ́ mi kan lọ́wọ́, oníwà pẹ̀lẹ́ tó máa ń fún èèyàn ní súìtì kó tó sọ pé kí wọ́n ṣáná sí mọ́tò.

“Ẹ má dán an wò,” ló wí. “Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ sọ fún mi pé n ò yege. Bí onísúìtì bá ní mo yege, n ò ní gbà á gbọ́. Ẹnu yín ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ.”

Mo lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́, mo kọ ọ́ sí ìwé, mo buwọ́ lù ú. Ó kà á, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, ó ní kámẹ́rà kúkú wà nínú mọ́tò. Ó ní bí wọ́n bá tiẹ̀ fi ẹ̀sùn rìbá kàn mí, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Nílé, nígbà tí mo sọ nípa ojú ewé kẹrin, Oníṣirò fò dìde débi pé àga rẹ̀ ṣubú. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì oúnjẹ, a bá ń gbé àwo wa jẹun lórí itan. Èmi náà fẹ́ ṣe bàbá. Mo fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo mú bíírò pupa lọ́wọ́. Bó bá ti ṣì í díẹ̀, màá ní “hùn”, màá fa ìlà sí i. Kò tíì ṣe márùn-ún tán tó fi bíírò tirẹ̀ sílẹ̀.

“Bàbá mi, ẹ wo ọwọ́ mi.”

Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

“Mo mọ ìṣirò yìí. Mo ṣe é lánàá, mi ò sì ṣì í. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, tẹ́ ẹ ń dúró de ibi tí màá ti ṣì í, orí mi máa ń ṣófo ni.” Ó gbé ojú sókè. “Ṣé bó ṣe máa ń rí fún àwọn èèyàn yín náà nìyẹn?”

Mo lọ sí ilé ìdáná, mo fọ gbogbo àwo tó wà níbẹ̀, mo tún fọ àwọn tó mọ́. Ọdún mọ́kànlélógún! Iye èèyàn mélòó ni ọwọ́ wọn gbọ̀n nítorí mi? Inú mi bàjẹ́ lóòótọ́, ìyàwó mi wá bá mi níbẹ̀, ó wo àwo tó ń dán, kò sì bá mi jà. Ó kàn gba aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀ pé. Mo gbé ọmọ dé ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́ kí aago tó lu mẹ́jọ, ó kí mi pé ó dìgbà, kò wo ẹ̀yìn. Ní aago mẹ́sàn-án, akọ̀wé àgbà jókòó sídìí sitiárìn, èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé pátákó tí mo ń kọ̀wé lé sí itan òdìkejì, níbi tí ojú rẹ̀ kò ní tó o. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Obìnrin náà wakọ̀. Ó wo dígí, ó yà nígbà tó yẹ kó yà, ó ní sùúrù fún arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá sọdá. Nígbà tí a dé ibi rífáàsì, mo yí ojú síta, mo ń wo igi kan bí ẹni tí kò rí igi rí. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Táyà kò fi ojú kan bèbè títì, ká má tíì sọ pé yóò kàn án.

Ọ̀nà tí a máa ń gbà lọ́jọ́ ìdánwò gba iwájú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn kọjá, n ò yí i padà. A dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Aago mẹ́wàá ni wọ́n ní ìdánwò máa parí. Ẹ wá gbọ́: ọmọ mi rèé, ó jókòó sórí ògiri kúkúrú lẹ́bàá géètì, ó ń jẹ búrẹ́dì!

“Dúró!” ni mo ké.

Mọ́tò dúró gbọnin, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Èmi ti ja ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ yẹ̀ mí bí ẹni yẹ ejò. “Ṣé o fọ́jú ni?” ló pariwo. N kò tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo sáré sọdá.

“Kí ló dé? Wọ́n lé ọ jáde ni? O ò lè ṣe é?”

“Bàbá mi?” Búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀. “Apá kìíní la ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Wọ́n ní ká sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí lẹ̀yin wá ń ṣe níbí?”

Àwọn ọmọ mẹ́rin kan tó jókòó tì í ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ní mo kàn ń kọjá ni. Ó wo mọ́tò tó dúró láàárín títì pẹ̀lú iná ìkìlọ̀ tó ń ṣẹ́jú, ó wo obìnrin tó wà nínú rẹ̀, ó tún wò mí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín.”

Mo padà sínú mọ́tò. Akọ̀wé àgbà kò yí ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sitiárìn.

“Ọ̀gá, ẹ ṣílẹ̀kùn láìwo ẹ̀yìn.”

“Mo mọ̀.”

“Kékeré ni àbí ńlá?”

“Ńlá ni.”

“Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n ń dán wò ńkọ́?”

“N ò ní yege.”

“Ó dáa. Ẹ de bẹ́líìtì yín ká máa lọ.”

Nígbà tí a padà dé ọgbà tí a ti ń ṣe ìdánwò ìwakọ̀, àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, kékeré ni gbogbo wọn. Mo buwọ́ lù ú. Mo ní, “Ẹ yege, ìyáàfin. Ẹ ṣe é dáadáa gan-an.” Mo ti sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn rí, kì í ṣe lójoojúmọ́, àmọ́ mo ti sọ ọ́ rí. Ìkejì yẹn, n ò rò pé ó jáde lẹ́nu mi rí. Obìnrin náà dorí kodò sórí sitiárìn, fèrè mọ́tò bá ké, gbogbo àwọn tó ń dúró de ìdánwò lórí bẹ́ǹṣì fò dìde. Mo lọ fi ẹjọ́ ara mi sun ọ̀gá mi. Ó wo àwòrán inú kámẹ́rà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó pe àwọn ẹlòmíràn wá wò ó, ó wá ní kò sí òfin tó ní kí wọ́n fi ìwà òmùgọ̀ olùdánwò jẹ ẹni tó ń ṣe ìdánwò níyà.

Ọjọ́ kejì, Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n máa lẹ èsì mọ́ ara pátákó ní ilé-ẹ̀kọ́. N ò lè lọ, èèyàn mẹ́fà ṣì ń dúró dè mí. Aago mẹ́rin lù, ó kọjá. Alágbẹ̀dẹ kan tí mò ń dán wò wa mọ́tò yí oríta ká lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rántí sọ fún un pé kó yà.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, mo rí ọmọ mi tó ń bọ̀ látẹnu ọ̀nà ọgbà. Kò sáré, kò sì fà sẹ́yìn. N ò rí nǹkan kan kà lójú rẹ̀. Ó na bébà èsì tí wọ́n fún un sí mi níṣojú gbogbo wọn.

Mẹ́rìnléláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a gbà á sí ẹ̀ka ìṣirò àti físíìsì.

Mo rí i. Mo kà á. Ṣùgbọ́n ojú mi, èmi kọ́ ni mo rán an, ó ti ń lọ sísàlẹ̀ bébà, ó ń wá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kù. Ẹnu mi ti là. Oníṣirò sì mọ̀ mí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bébà náà, ó bò ó mọ́lẹ̀.

“Bàbá mi,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, “ẹ má tíì bi mí níbi tí mo ti ṣì í. Ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ̀ ná.”

Bíírò bọ́ lọ́wọ́ mi, pátákó bọ́ tẹ̀ lé e, mo gbá ọmọ mi mọ́ra.

“O ṣe é dáadáa,” ni mo wí. “Inú mi dùn sí ọ, ọmọ mi. Mẹ́sàn-án méjì, mẹ́jọ mẹ́rin, inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n ti sọ ọ́.”

Ọmọ tí omi ò bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó gba mẹ́fà, tí kò sunkún nígbà tí wọ́n kọ̀wé pé wọn ò gbà á, ó wá bú sẹ́kún lórí èjìká mi nínú ọgbà ìdánwò. Alágbẹ̀dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà bá a pàtẹ́wọ́. N ò sọ fún ọmọ mi pé kó dákẹ́. Mo dì í mú títí ó fi sunkún tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.